Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ Lórúkọ

Yàrá kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀,
fóòmù àlòkù ni wọ́n fi bo ògiri kí ariwo mọ́tò má wọlé.
Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúndínà gbé ìgò kan kalẹ̀ níwájú mi,
omi pupa, ìdérí aláwọ̀ wúrà, kò sí orúkọ lára.
Ó ní, "Oògùn ti wà. Àìsàn ló kù."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó na ìwé kan sí mi:
oorun tó ń kun ni lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán,
orúnkún tó ń dún kẹ́kẹ́ bí a bá ń gun òkè,
kí èèyàn wọ yàrá, kó gbàgbé ohun tó wá mú,
kí omi máa bọ́ lójú bí a bá yán.
Mo ní, "Ọ̀gá, gbogbo èyí ló ń ṣe mí."
Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń ṣe. Ọjà nìyẹn."

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
N ò wolé, n ò wòde,
owó ilé-ìwé Ìbídùn ni mo wò
tí mo fi ní kí á pè é ní Arẹ̀nilọ́sàn-án.
Ọ̀ṣúndínà pàtẹ́wọ́.
Bí ọmọ ṣe délé ayé nìyẹn,
kò sẹ́ni tó lóyún, kò sẹ́ni tó rọbí.

Ohùn mi lẹ gbọ́ ní Bẹẹrẹ, ní Mọ́kọ́lá, ní Ìdí-Arẹrẹ,
lórí ọkọ̀ funfun tó ń rìn bí ìgbín:
"Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín lọ́sàn-án? Ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán o!
Ó ti wà nínú egungun. Ó ti ń dúró de kíndìnrín."
Lẹ́yìn "kíndìnrín," mo dákẹ́ díẹ̀.
Kò sí nínú ìwé. Èmi ni mo fi ìdákẹ́ yẹn síbẹ̀.
Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an lọwọ́ èèyàn ti ń wọ àpò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Àwẹ̀ró, tó wò mí dàgbà,
ọgbọ̀n ọdún ló fi fọ aṣọ ibùsùn lọ́sibítù Orítamẹ́fà.
Ó fọ ẹ̀jẹ̀, ó fọ èébì,
ó fọ aṣọ tí olówó rẹ̀ kò ní padà wá bora.
Ó mọ òórùn àìsàn kó tó rí aláìsàn.
Bó bá rẹ̀ ẹ́, á ní, "Ó rẹ̀ mí,"
á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Bó bá jí, ó tán.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gòkè lọ kí i ní Òkè-Àrẹ̀mọ.
Ìgò mẹ́rin wà lójú fèrèsé.
Omi pupa. Ìdérí aláwọ̀ wúrà.
Owó páànù tó fẹ́ fi dí òrùlé tó ń jò ni.
Mo ní, "Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"
Ó kà á fún mi: oorun, orúnkún, yàrá, omi ojú,
bí mo ṣe kà á gẹ́lẹ́, kò fo ọ̀kan.
"Ó ti wà nínú egungun," ó ní. "Ó ti ń dúró de kíndìnrín."
Ó sì dákẹ́ díẹ̀.
Ìdákẹ́ mi ni.

Mo ní, "Irọ́ ni, Ìyá. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàwàdà nílé òkú.
"Ohun tí kò sí kì í jẹ́ bí a bá pè é," ó ní.
"Mo pe èyí. Ó jẹ́. Orúnkún ló ti dá mi lóhùn."

Ẹní wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláǹtakùn ti ta sí i.
Kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Ó ń ṣọ́ ara rẹ̀
bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Oòrùn mú. Mo ti jẹun.
Lábẹ́ òkè, ọkọ̀ funfun ti ń bọ̀,
ohùn mi ń bi mí bóyá ó máa ń rẹ̀ mí.
Mo yán. Omi bọ́ lójú mi.
Àwẹ̀ró rí i.
Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìgò,
ó bu ṣíbí kan, ó nà án sí mi.